Ẹ Bi Màmá Jógíráfì: Ooru Ìkìjà, Òtútù Winnipeg

Láti ìgbà tí oṣù Kejì ti wọlé ni lẹ́tà ooru ti ń rọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo yan mẹ́rin nínú wọn, mo sì fi ìbéèrè kan kún un tí obìnrin kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí tó wà nínú ìwé lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ mí: ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní jógíráfì ní Abẹ́òkúta níbí, ibẹ̀ ni orúkọ yìí ti lẹ̀ mọ́ mi. Mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó ní 1979. Mo tún lo oṣù márùn-ún ní Winnipeg, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, láti ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ibi mẹ́ta tí ojú ọjọ́ ti nà mí nìyẹn, ẹgba wọn kò sì jọra.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ọmọ mi máa bímọ ní oṣù Kejìlá ní Winnipeg tí ẹ máa ń dárúkọ, wọ́n sì ti ń ṣètò ìwé ìrìnnà mi. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́jà ní kí n má fòyà, pé ọyẹ́ náà ni òtútù òyìnbó, orúkọ ló yàtọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n kó dání? — Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú oríire ọmọ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n pa fún yín.

Bí ọyẹ́ wa ti wù kó le tó, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í dì. Ní òwúrọ̀ tí àwọn ọlọ́kadà bá ń wọ kóòtù ní Kútọ̀, tí eyín gbogbo wa ń gbá ara wọn, bí ẹ bá wo tẹ̀mómítà, bíi 20 ni yóò máa kà ní ìwọ̀n Celsius. Ọ̀sán tó gbóná jù ní oṣù Kẹta ń lọ sí bíi 36. Gbogbo ohun tí ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ lọ́dún, inú 16 tó wà láàárín méjèèjì yẹn ló wà. Ní Winnipeg, ọjọ́ tí ó bá jẹ́ 15 lábẹ́ òdo nínú oṣù Kìíní, àwọn aládùúgbò ọmọ mi a ní ọjọ́ náà dára, wọ́n á mú ajá jáde. Ìlọ́po méjì ohun tí ẹ mọ̀ láyé yín ni ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọjọ́ dáadáa.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, oòrùn ràn yòò lójú fèrèsé, ojú ọ̀run mọ́ rekete. Mo ní ẹ jẹ́ n jáde lọ yá oòrùn bí a ti ń ṣe nílé nígbà ọyẹ́. Mo wọ súwẹ́tà méjì, mo fi ìborùn wé orí, mo yọ síta. Bí mo ti fa èémí àkọ́kọ́, irun imú mi dì gan bí ìgbálẹ̀. Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi fà mí lápá wọlé, ó ní, “Màámi, àwòrán ni oòrùn ibí.” Ìgbà tí mo ronú sí i ni ojú ti olùkọ́ jógíráfì, nítorí mo ti kọ́ ọmọ lọ́dọọdún pé ìkúukùu ni kúbùsù ilẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá kúrú, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ooru ilẹ̀ á gòkè lọ láìsí ohun tó dá a dúró. Ọjọ́ tó bá mọ́ jù níbẹ̀ nígbà òtútù ni kí ẹ bẹ̀rù jù.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n fi jọ ọyẹ́: gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ọ̀rinrin dání, tí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ mú un gbóná nínú ilé, a máa gbẹ ju ọyẹ́ lọ. Ètè mi là ní ọjọ́ kẹta. Mo fọwọ́ kan irin ìlẹ̀kùn, iná ta mí tá! Mo ní wáyà ilé yìí ti bó, àṣé gbígbẹ afẹ́fẹ́ àti kápẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ́ ẹsẹ̀ lé ló fà á. Òrí ni ó gbà mí. Ẹ ra òrí tó dára, kí ẹ dì í dáadáa, kí ẹ máa fi pa ara bí ẹ bá ti ń jáde nínú omi, kí omi tó gbẹ tán lára. Ohun tí ìyá wa ń ṣe fún wa nígbà ọyẹ́ náà nìyẹn.

Ní ti aṣọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé aṣọ kì í mú ènìyàn gbóná. Ara yín ló ń gbóná, 37 ni, aṣọ kàn ń sé ooru náà mọ́lé ni. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan àti èkejì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta fi dára ju kóòtù wíwúwo kan lọ. Ẹ má bínú sí mi nítorí òwò yín o, ṣùgbọ́n òwú ni àdìrẹ, òwú a máa mu òógùn, a sì máa pẹ́ kó tó gbẹ. Bí ẹ bá rìn kíákíá tí ẹ làágùn, aṣọ tútù ti lẹ̀ mọ́ yín lára nìyẹn, yóò máa fa ooru yín jáde. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni kí ó kan ara. Àdìrẹ yín, ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé kí ó máa dán, ilé wọn gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èmi wọ ìró àti bùbá nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin ti ń gbé yàrá kan náà ni kí ẹ rà, ẹ fi èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìka tó dá gbé, òtútù ló ń pa á. Bàtà kò gbọdọ̀ fún yín lẹ́sẹ̀. Fìlà gbọ́dọ̀ bo etí. Gèlè kò tó, mo ti dán an wò.

Oríta kan wà láàárín ìlú, Portage and Main, tí gbogbo Kánádà mọ̀ sí ilé atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iye tí tẹ̀mómítà kà kò tó ẹ̀rí. Ara ènìyàn a máa ṣe afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó rọ̀gbà yí i ká, atẹ́gùn ló ń bọ́ ọ kúrò bí ẹni bọ́ aṣọ lára ọmọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ka iye méjì lórí rédíò, ti afẹ́fẹ́ lásán àti bí atẹ́gùn ti mú kó rí lára. Ìkejì ni kí ẹ tẹ́tí sí. Tó bá ti tó 28 lábẹ́ òdo, awọ ara tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Etí, imú àti ọmọ ìka ni ó ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ wò ó bóyá awọ ti funfun, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, eérú ni ó ń jọ, ó sì rọrùn kí ojú fò ó. Ẹ fi ìmọ̀lára ṣe àmì: á kọ́kọ́ máa ta yín, lẹ́yìn náà kò ní ta mọ́. Ìgbà tí kò bá ta yín mọ́ ni kí ẹ sáré wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ ra á o, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe omi gbígbóná, kí wọ́n sì mú yín lọ rí dókítà.

Wọ́n ń ki wáyà iná bọ mọ́tò lálẹ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣáájì rẹ̀ bíi fóònù, àṣé wọ́n ń mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ọ́ìlì má baà ki, kí ó lè gbéra láàárọ̀. Yìnyín wọn kò jọ òkúta tó ń bọ́ lé páànù wa nígbà ìjì òjò oṣù Kẹta. Bí òwú tí a gbọ̀n ló ń bọ̀, láìdún. Bí òtútù bá le gan-an ni yóò máa ké kín-ín-rín lábẹ́ bàtà yín. Ibi tó ti yọ́ tó sì tún dì ni ewu wà: ẹ máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, ìṣísẹ̀ kékeré, ọwọ́ níta àpò. Nínú oṣù Kejìlá, ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ bi dókítà ibẹ̀ nípa fítámì D fún ẹ̀yin, ìyàwó àti ìkókó, nítorí awọ dúdú ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe é, oòrùn ibẹ̀ kò sì tó nígbà náà.

Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù láti Amẹ́ríkà tí wọ́n ní tiwọn jẹ́ 40 lábẹ́ òdo, ẹ má bi wọ́n bóyá Celsius ni tàbí Fahrenheit. Ibẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n méjèèjì ti pàdé. (Mo fẹ́ràn láti máa fi èyí dán àwọn ọmọ kíláàsì mi wò.)

Ẹ bá mi bá àbúrò mi wí. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló lò ní London. Nínú oṣù Keje ó pè mí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ní ooru 31 fẹ́ pa òun. Ọmọ tí a jọ dàgbà ní Láfẹ́nwá! Ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí? — Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Bínú, Pánṣẹ́kẹ̀

Ẹ má bínú mọ́, ooru ń mú un lóòótọ́. Ilé tó ń gbé, wọ́n kọ́ ọ láti má jẹ́ kí ooru jáde ni. Kò ní fáànù lókè, fèrèsé rẹ̀ kò ṣí ju ìbú ọwọ́ kan lọ, oòrùn oṣù Keje ibẹ̀ sì ń ràn fún nǹkan bí wákàtí 16. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n ka 40.3 ní Coningsby, ìgbà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọjá 40 láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń rá nítorí irin ń wú. Ní 2003, ooru oṣù Kẹjọ pa nǹkan bí 15,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé nìkan, arúgbó tó ń dá gbé pọ̀ nínú wọn.

Ara náà tún ní ìwé tó ń kà. Ó máa ń gba ara bí ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ ooru: òógùn á tètè máa yọ, á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò nínú ooru, ara á gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí Láfẹ́nwá kankan nínú ara àbúrò yín mọ́. Bó bá wá sílé ní oṣù Kẹta, ẹ má tì í lọ sójà lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́.

Màmá, yàrá kan ni a ń gbé ní Ìkìjà, lẹ́bàá àpáta. Lọ́sàn-án ooru wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí òru tún fi ń gbóná bí ààrò nígbà tí oòrùn ti wọ̀? Ọmọ mi oṣù mẹ́ta ti sú kókó wẹ́wẹ́ sọ́rùn, bàbá ọkọ mi tó lé ní ọgọ́rin ọdún kì í fẹ́ mu omi. — Ìyá Ìkókó

Ìyá Ìkókó, ìyà méjì ló ń jẹ yín, oníkálukú ní àsìkò tirẹ̀. Páànù a máa tètè gbóná, a sì máa tètè tutù. Ẹ gbọ́ ọ bó ti ń dún pá-pá lórí yín bí oòrùn bá ti ń wọ̀? Ó ń tutù ni. Búlọ́ọ̀kù àti àpáta kì í yára bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń mu oòrùn, alẹ́ ni wọ́n ń pọ̀ ọ́. Ọ̀sán, páànù ló ń fìyà jẹ yín. Òru, ògiri àti òkúta tí wọ́n fi sọ ìlú yìí lórúkọ ni. Ní ìparí oṣù Kẹta, oòrùn tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sán-án lórí wa, atẹ́gùn láti òkun sì ti ń kó ọ̀rinrin bọ̀ kí òjò tó dé, nítorí náà òógùn yọ, kò sì gbẹ.

Bí ẹ kò bá ní sílìn, ẹ bẹ onílé pé kí ó jẹ́ kí ẹ kan an, ó kéré tán sórí ibùsùn. Ojú fèrèsé tó kọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi aṣọ tó nípọn dí i láti agogo méjìlá ọ̀sán. Lálẹ́, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ẹ fi ṣe ààbò. Kí ibùsùn jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Ẹ fọwọ́ kàn án ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n. Lára ilé tèmi, bíríkìlà kan dí ihò atẹ́gùn tó wà lókè ògiri pa, ó ní olè á gba ibẹ̀ wọlé. Ihò tí ológbò kò lè gbà! Ọdún mẹ́fà ni mo fi jóòógùn kí n tó sanwó fún ẹlòmíràn láti tún un lu. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ooru gbígbóná tó máa ń rọ̀ mọ́ òkè yàrá rí ọ̀nà jáde.

Ọmọ yín, omi lásán tí kò gbóná ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, ẹ má fi páúdà rẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ jẹ́ kó wà ní ìhòòhò. Ẹ má fún un ní omi mu o, kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọmú yín ni omi rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ máa mu omi náà.

Bàbá ló ń kọ mí lóminú jù. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà, ara wọn lè ti gbẹ kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ mu omi, ẹ gbé e fún wọn. Ẹ fún wọn ní ọsàn, ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ mímu. Àwọn àgbà ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ òṣìkà, bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù nu wọn lára kí ẹ tó fẹ́ wọn, ìgbà náà ni abẹ̀bẹ̀ tó lè bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ara wọn bá gbóná janjan, tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí wọ́n dákú, yálà wọ́n ń làágùn tàbí wọn kò làágùn, ẹ má dúró wo ilẹ̀ mọ́. Ẹ da omi sí wọn lára, ẹ máa fẹ́ wọn, ẹ sì máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, a gbé sítóòfù èédú sínú yàrá, a ti ìlẹ̀kùn. Orí fọ́ gbogbo wa di àárọ̀. Ṣé òtútù ló wọ̀ wá lórí? — Bọ̀dá, Adátán

Rárá. Èéfín èédú tí kò ní òórùn ló fẹ́ pa yín, Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹ má dán an wò mọ́ láé, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ra kúbùsù.

Èyí tí wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: alátà ni obìnrin náà. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kó tòmátì wá láti òkè Ọya pé ìkòkò amọ̀ méjì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ó rà á, ó ṣe é bí wọ́n ti wí, ata rẹ̀ sì jẹrà síbẹ̀. Ó ní, “Màmá, ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?”

Wọn kò lù yín ní jìbìtì. Ìkòkò yẹn dájú. Ní àwọn ọdún 1990, olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ibẹ̀ ń lò: ìkòkò kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lójú rẹ̀. Omi inú yanrìn á jò dé ara ìkòkò tòde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á gbé e lọ, bó sì ti ń lọ ni ó ń mú ooru dání. Bí àmù inú ilé ìyá yín ṣe ń tutù náà nìyẹn. Bí òógùn ṣe ń tu ara náà nìyẹn.

Ní Sókótó ni mo ti gba èyí gbọ́. Nínú oṣù Kẹrin, ooru ibẹ̀ kọjá 40. Bí mo bá fọ aṣọ, kí n tó sá èyí tó kẹ́yìn, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Òógùn mi kì í ṣàn, iyọ̀ funfun ló kàn máa ń kù lẹ́yìn aṣọ mi. Àgbàlá la gbogbo wa ń sùn lóru. Ṣùgbọ́n ìkòkò omi ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní randa, lábẹ́ igi ní ilé tí mo wọ̀ sí, omi inú rẹ̀ tutù débi pé eyín ń ro mí. Kò sí iná, kò sí fíríìjì. Nígbà tí mo padà wálé ní ọdún kejì, mo ra àmù ní inú oṣù Kẹrin tiwa, 33 péré ni ọ̀sán, omi rẹ̀ kò tutù rárá. Mo ní alámọ̀kòkò rẹ́ mi jẹ. Afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta ló ti mu omi yó, kò ní àyè fún ti àmù mi. Mo fara da 40 Sókótó ju 33 tiwa yìí lọ, ẹni tí kò bá tíì gbé ibẹ̀ rí á ní mo ń parọ́.

Nítorí náà, ìyá alátà, ẹ má fọ́ àwọn ìkòkò yẹn. Ẹ gbé wọn pamọ́ títí di oṣù Kejìlá. Ní àárọ̀ tí ọyẹ́ bá wọ̀lú, ẹ tọ́ omi sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Bí ó bá tutù lójú ẹsẹ̀, ẹ rin yanrìn yín láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ gbé ìkòkò síbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá, tí oòrùn kò sì dé, ẹ kó ata sí i. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ bá kàn tutù díẹ̀ tó sì wà ní ọ̀rinrin síbẹ̀, ẹ wá bí ẹ ó ti ta ata yín tán kí ilẹ̀ tó ṣú.